Májèlé Kọ́ Ni Ọmọ Tó Ń Jẹ́ Gift

Olótùú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tó ní kí gbogbo òbí tó ní ọmọ tó ń jẹ́ Gift tètè yí orúkọ náà padà, nítorí pé májèlé ni lédè Jámánì. Bàbá náà ní orúkọ ń ro ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ń ro ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí pé ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Kubwa níbí tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì. Láti ìgbà tó ti ka lẹ́tà yẹn ló ti ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ padà ní kóòtù fún Gift rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni mo ní. Àbúrò mi ń kọ́ èdè Jámánì, èmi náà sì máa ń bá a yẹ ìwé rẹ̀ wò. Bàbá náà kò parọ́: bí ẹ bá rí "Gift" lára ike kan ní Jámánì, ẹ má fẹnu kàn án. Ní South Africa pàápàá, májèlé ni "gif" jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Afrikaans. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú "Mitgift" àwọn ará Jámánì, ìyẹn ẹrù tí àwọn òbí ìyàwó ń dì fún un lọ sílé ọkọ. Inú "geben" ni méjèèjì ti jáde, kí á fún ènìyàn ní nǹkan, òun àti "give" àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọmọ ìyá.

Báwo wá ni ìfúnni ṣe di májèlé? Ìdí iṣẹ́ àwa tí à ń ta oògùn ló ti wá. "Dosis" ni àwọn Gíríìkì ń pe ìfúnni. Òun ni àwọn oníṣègùn mú fún ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn, tí àwa náà ń pè ní dóòsì títí dòní. Àwọn ará Jámánì àtijọ́ fi "gift" tiwọn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yìí bo ohun tí ẹnu kò fẹ́ dárúkọ, títí májèlé fi gba ilé mọ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́. Àwọn ará Faransé náà ṣe irú rẹ̀: ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ohun mímu lásán ni "poison" ti wá.

Ṣé àwa Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Bí ènìyàn bá ti òde àríyá dé tó ṣubú lulẹ̀, kí ni àwọn àgbà ń sọ? "Wọ́n ti fún un jẹ." Wọn kò ní dárúkọ ohun tí wọ́n fún un. "Fún" yẹn náà ló wà nínú Fúnmiláyọ̀ àti Olúwafúnmikẹ́. Ta ló ti sọ fún Fúnmi rí pé kó lọ yí orúkọ padà?

Ti àwọn ará Sweden ló wú mi lórí jù. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó ni "gift", májèlé náà sì tún ni "gift"; bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Denmark àti Norway. Ní Iceland, "gifta" ni kí á gbé ènìyàn níyàwó, ó sì tún jẹ́ oríire. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, owó orí ìyàwó ni "gift" ń tọ́ka sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín àwọn Hausa bíi tiwa, ẹ mọ "sadaki" tí wọ́n ń san lórí ìyàwó, ẹ sì mọ "sadaka" tí wọ́n ń fún aláìní. Gbòǹgbò Lárúbáwá kan náà ló bí méjèèjì, òun náà ló sì bí ọ̀rọ̀ àwọn Lárúbáwá fún òtítọ́. Ẹ̀bùn àti ìyàwó ti ń rìn pọ̀ tipẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹ̀yà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí ìyá ọmọ náà lè rí i kà kó tó lọ búra ní kóòtù. Gift ló wà lórí ìwé ìbí ọmọ náà àti lórí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bó bá yí i padà báyìí, yóò tún san owó ìkéde sínú ìwé ìròyìn, yóò tún gbogbo ìwé ṣe lẹ́yìn náà, àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò yóò sì fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ fi yàtọ̀. Àwọn ará Jámánì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́, wọ́n mọ ohun tí Gift jẹ́. Bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá sì fẹ́ fi orúkọ náà yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, kí ó bi wọ́n pé kí ni Mitgift.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníkẹ́míìsì,
Kubwa, Àbújá.