Lẹ́tà Sáà Kìíní sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Ìrìn-àjò Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà

Òṣogbo,
Ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, 2025.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnáwó ìwọlé ọmọ, ẹ kò ní náwó àsọnù. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ wá lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, ìṣirò ni ọmọ rẹ̀ ń pàdánù, torí òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ ọ̀dọ̀ wá ṣojú yín.

Ó wá ku ti ìrìn-àjò Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti lọ wo Olúmirìn, omi tó ń já bọ̀ láti orí òkè.

Ìparí sáà kẹta, nínú oṣù keje, la ti máa ń kó àwọn ọmọ jáde. Lọ́dún yìí mo ní rárá, inú ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì dùn. Bàbá kan tilẹ̀ bi mí lẹ́nu géètì pé ṣé òjò ń pa ọmọ ni. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Òjò tó ń rọ̀ síni lórí kò ṣe nǹkan, èyí tí a kò rí ni mò ń bẹ̀rù. Omi Olúmirìn kò sun níbi tí a ó dúró sí. Orí òkè ló ti ń bọ̀, lápá ibi tí òkè Ẹfọ̀n Alààyè wà. Òjò lè máa rọ̀ lọ́hùn-ún kí oòrùn sì máa ràn nísàlẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi omi ṣeré. Kí wọ́n tó mọ̀, omi tó mọ ní kókósẹ̀ lè ti dé ìbàdí, kó pọ́n bí omi ẹrẹ̀, kí igi máa bá a wọ́ bọ̀. Nínú oṣù keje, kò sọ́jọ́ tí èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Bí a bá sì sún un di oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀rùn á ti fa omi náà débi tí ẹ ó fi máa bi mí pé ṣé ẹnu ẹ̀rọ omi la kó ọmọ lọ. Lẹ́yìn àárín oṣù kọkànlá, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá.

Síbẹ̀ náà, bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ Fúráìdé, a kò lọ. Ẹ ó rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, a ó sì sún un sí Sátidé tó tẹ̀ lé e. Owó yín kò ní sọnù. Bí a bá sì débẹ̀ tí àwọ̀ omi yí padà, a ó fọn fèrè, gbogbo ọmọ ni yóò jáde lójú ẹsẹ̀. A ó ti fi kọ́ wọn ní pápá ilé-ìwé ṣáájú ọjọ́ náà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ìpele méje ni omi náà, ọ̀kan lórí èkejì. Ìtàn àwọn ará ìlú ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà tó jẹ́ obìnrin, ló tẹ Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà dó, àti pé òun ló kọ́kọ́ kan omi náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn èèyàn rí bó ṣe ń já bọ̀ ni wọ́n ní Olú mìíràn rèé, ìyẹn ló di Olúmirìn. Olùkọ́ jọ́gíráfì wa ní tirẹ̀ ń sọ pé òkúta òkè Ẹfọ̀n le gan-an, pé omi kì í tètè jẹ ẹ́, òun ló fi ń já dípò kó máa rọra ṣàn. Àwọn SS2 ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò kọ ọ́ wá. N kò fẹ́ gba iṣẹ́ wọn ṣe.

Ìpele kejì la ó ti padà. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ti ń sọ fún yín nílé pé ìkeje làwọn ń lọ. Irọ́ ni. Ọ̀nà ìpele kìíní rọrùn. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀nà ń ga sí i, gbòǹgbò igi àti òkúta lèèyàn á máa dì mú. Èmi fúnra mi gun ún dé ìkẹta nígbà tí mo ṣì lágbára, ìdí ni mo sì fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ 48 la ń kó lọ, SS1 àti SS2 nìkan, olùkọ́ mẹ́fà ni yóò sì tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́jọ tó fún ìpele kejì, kò tó fún ìkeje.

Ọ̀rọ̀ bàtà ńkọ́? Nígbà kan tí a kó ọmọ lọ gun òkè, ọmọkùnrin kan fi kánfáàsì rẹ̀ sínú báàgì, ó wọ sílípáàsì gun òkúta tó lómi. Ohun àwọ̀ ewé tó máa ń hù lórí òkúta bẹ́ẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí i, orúnkún rẹ̀ bó. Kánfáàsì ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Ẹ fún wọn ní èyí tó ti gbó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì dán. Aṣọ eré ìdárayá ni wọn yóò wọ̀, kí wọ́n mú ìpààrọ̀ kan dání. Ilé-ìwé ni yóò se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Inú ìgò ni kí ẹ bu omi mímu sí fún wọn, ẹ má fún wọn ní omi inú ọ̀rá. N kò fẹ́ ká dá ọ̀rá sílẹ̀ lórí òkè ẹni ẹlẹ́ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Omi náà tutù. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù bẹ́ẹ̀ lè dá ìrora sí i lára. Ẹ má fi pamọ́ fún wa. N kò ní kó má lọ o. Yóò lọ, ibi gbígbẹ ni yóò jókòó sí, yóò sì máa mu omi dáadáa. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí oògùn ìfàsímú rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀, kó má gbàgbé rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Ti wárápá, ẹ wá rí èmi fúnra mi. Èmi àti nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó mú ọmọ náà dání nìkan la ó mọ̀. Ọmọ tó mọ omi wẹ̀ bí ẹja pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ibi tí omi ń já lé, torí ó jìn.

Ẹgbàárùn-ún náírà (₦10,000) ni owó ọmọ kan: bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, owó ẹnu ọ̀nà, àti ọmọ ìlú tí yóò ṣáájú wa. Bó bá ni yín lára, ẹ yọjú sí ọ́fíìsì mi kí ọjọ́ tó pé, a ó wá nǹkan ṣe sí i láìsí ariwo. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ó gbéra, a ó gba Iléṣà bọ́ sí títì Àkúrẹ́. Aago méjì ọ̀sán la ó kúrò níbẹ̀, torí n kò ní kó ọmọ ọlọ́mọ rìn lóru.

Ìwé ìyọ̀ǹda wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ nọ́ńbà tí a ó fi bá yín lọ́jọ́ náà, ẹ fi rán ọmọ yín wá kí Fúráìdé, ọjọ́ 31 oṣù yìí, tó kọjá. Ọmọ tí kò bá mú tirẹ̀ wá kò ní wọ bọ́ọ̀sì, bó ti wù kó sunkún tó. Ọmọ tèmi wà ní SS1, mo ti fọwọ́ sí tirẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀gá Ilé-ìwé.