Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tiwa náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú àwa òǹkàwé yín tí a wà ní Òkè Ọya. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, èmi àti àwọn ará ilé wa ní Kubwa, ní Àbújá níbí, jọ wo fíìmù kan tí wọ́n yà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Moscow lọ sí Vladivostok ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kì í ṣe eré àgbéléwò. Àwọn èrò gidi ni wọ́n yà, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn àti ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí ó parí, àbúrò mi kan ní òun kò rí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé èmi rí ohun púpọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń ya fíìmù lọ́dọ̀ wa rí i pẹ̀lú.

Ojú irin náà gùn tó 9,289 kìlómítà, ìrìn àjò náà sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí aago méje àárọ̀ bá lù ní Moscow, aago méjì ọ̀sán ti lù ní Vladivostok. Ọkọ̀ tí àwọn mẹ̀kúnnù ń wọ̀ ni wọ́n ń pè ní platskart. Ibùsùn 54 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn tí ó pààlà sáàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì. Ẹni tí ibùsùn rẹ̀ wà lókè ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀ kí ó tó rí ibi jókòó jẹun, nítorí náà kò sí bí wọn kò ṣe ní di ojúlùmọ̀. Omi gbígbóná wà ní ìkángun ọkọ̀ tọ̀sán-tòru, tí ẹnikẹ́ni lè bù po tíì. Obìnrin tí ó ń bójú tó ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní provodnitsa, ni ó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, òun ni ó ń pín aṣọ ìbùsùn, òun náà ni ó sì ń jí ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ láàárín òru.

Ibi tí fíìmù náà ti wọ̀ mí lára jù ni ibi tí ìyá àgbàlagbà kan ti tú ẹyin sísè àti búrẹ́dì jáde nínú ìdì rẹ̀, tí ó sì kọ́kọ́ fi lọ ọmọkùnrin ṣọ́jà kan tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìyá tirẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ẹni tí ó ya fíìmù náà kò dá sí i, kò sì fi orin kún un. Ohun kan ṣoṣo ni n kò fara mọ́: kámẹ́rà náà pẹ́ jù lójú obìnrin kan tí ń sunkún, nígbà tí ó hàn gbangba pé ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Ìyá mi ni mo ń rò ní gbogbo àkókò náà. Ní ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó dé Kánò, ní ọ̀nà tí ó lé ní 1,100 kìlómítà, òun ni ó sì gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò àti apẹ̀rẹ̀ obì wọn dé Òkè Ọya. Ọ̀fà ni ìyá mi ti wọ̀ ọ́ lọ bá bàbá mi ní Sáríà, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ fún wa pé lẹ́yìn Jẹ́bà, nígbà tí àárẹ̀ mú òun, obìnrin Haúsá kan tí kò gbọ́ Yorùbá gba ọmọ náà, ó sì gbé e sí itan títí ilẹ̀ fi mọ́, kí òun lè sùn. Wọn kò rí ara wọn mọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi jáde láyé ni ó ń dárúkọ obìnrin náà nínú àdúrà rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ ìtàn yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016, àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n wá ṣí i ni wọ́n fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, iye àwọn tí wọ́n pa àti iye àwọn tí wọ́n jí gbé ni a ń gbọ́. Ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì padà wọ̀ ọ́. Kí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó lọ́jọ́ náà sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ta ni ó sá fún ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Òótọ́ ni pé ìrìn náà kò tó ti Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n wákàtí méjì tó fún ènìyàn láti sọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀, bí a bá rí ẹni tí yóò tẹ́tí.

Mo bẹ yín, Olóòtú, kí ẹ yọ̀ǹda àyè nínú ìwé ìròyìn yín fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí àwọn tí ó ni ín tó tán. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo dé Kánò nígbà ọmọge rẹ̀. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbà kí n fi fóònù mi gba ohùn òun sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, n ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe sọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.