Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ Àjílété: ọ̀nà tí àwọn bàbá yín rìn ṣì wà níbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní gbogbo ibi tí ẹ gbé ń ṣòwò tàbí kàwé,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Tàmálè, ní àríwá ilẹ̀ Gánà, ni wọ́n ti bí mi, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà, kí gbogbo wa tó di ẹrù padà sílé ní ọdún 1969. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé lóṣù tó kọjá, ọmọ kan tí mo fẹ́ràn bí ọmọ inú mi wá yá owó lọ́wọ́ mi láti fi lọ ṣe fàájì ọjọ́ márùn-ún ní Dubai. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ lọ wò níbẹ̀, ó sì fi fọ́tò ilé gogoro kan hàn mí lórí fóònù, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti dúró. N kò bá a wí. Mo kàn bi í bóyá ó ti dé Kétu rí, ìlú Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Benin. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ilẹ̀ lásán ń gbéni débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí ibi tí gbogbo ayé ti lọ, nígbà tí ibi tí ènìyàn kò pọ̀ sí ṣì ń dúró dè yín nítòsí. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ bá mọ̀ dájú.

Láti Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ ó ti dé Kétu kí ara tó rẹ̀ yín. Àkábà Ìdena, ẹnubodè odi ìlú àtijọ́, ṣì wà níbẹ̀. Ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, síbẹ̀ wọ́n padà wá tún un tẹ̀ dó, Alákétu sì ń bẹ lórí ìtẹ́ di òní. Faransé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré tó kọ́kọ́ rí mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Omi bọ́ lójú mi. Bí ẹ bá sì rí owó ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọjá sí ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ Kétu yìí gan-an pe ẹ̀ka kan nínú ìsìn òrìṣà wọn. Ẹ má dúró sí Salvador nìkan, ẹ lọ sí Cachoeira lóṣù kẹjọ, kí ẹ rí àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ Boa Morte nínú ọdún wọn.

Ní ilẹ̀ Benin kan náà, abúlé Ganvié wà lórí adágún Nokoué, nítòsí Kútọnu. Orí òpó nínú omi ni wọ́n kọ́ ilé sí, nítorí pé àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn akónilẹ́rú. Ìtàn wọn sọ pé ọmọ ogun Dàhòmì kì í jà lórí omi. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè wá sápamọ́ síbẹ̀, kí ó jẹun kí ó sì sanra, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká. Oko ẹja ni.

Ṣùgbọ́n Koutammakou ni ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀. Àríwá ilẹ̀ Tógò ni, ní ilẹ̀ àwọn Batammariba, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún ayé láti ọdún 2004. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní takienta, ó sì rí bí odi kékeré tó ní ilé ìṣọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òkùnkùn ni nísàlẹ̀, níbi tí ẹran ọ̀sìn ń sùn. Igi tí wọ́n gbẹ́ ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ sí lára bí àkàbà ni mo fi gun òkè, mo sì bọ́ sórí òrùlé pẹlẹbẹ tí wọ́n sá ọkà bàbà sí. Ìyálé ilé náà fi ọ̀pá ṣí ìdérí koríko orí àká rẹ̀ sókè, bí a ti ń ṣí ọmọrí ìkòkò, ó ní kí n yọjú wo ohun tí òun kó pa mọ́.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀ tí ó ṣì ń dùn mí. Kí n tó wọlé, mo ti na fóònù sí àwọn òkìtì amọ̀ tó wà níwájú ilé, mo ya fọ́tò wọn láìbéèrè. Ojúbọ ni wọ́n. Bàbá onílé kò pariwo. Ó kàn yí ojú kúrò, ó sì dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nípasẹ̀ ẹni tó mú wa lọ, mo sì pa fọ́tò náà rẹ́ lójú rẹ̀ kí ó tó ní kí n jókòó. Nítorí náà, ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ fóònù, níbikíbi tí ẹ bá dé. Ẹ sì wádìí ààbò ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń ná an lọ́sẹ̀ náà, nítorí pé àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń yọ apá àríwá Benin àti Tógò lẹ́nu ní ọdún àìpẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ sinmi.

N kò tíì dé erékùṣù Fogo ní Cape Verde, mo sì ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ mi gbé mi débẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín rẹ̀ ga tó 2,829 mítà. Nígbà tó bú ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àpáta yíyọ́ gbígbóná tó ṣàn jáde bo abúlé méjì tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ padà kọ́ ilé sórí àpáta dúdú náà, wọ́n sì tún ń gbin àjàrà sínú eérú.

Ẹ̀yin tí owó yín kò tíì tó ti ẹnubodè, ẹ gun òkè Adó-Àwáyé lọ wo adágún Ìyákẹ̀ tó wà lórí àpáta, tàbí kí ẹ béèrè ọ̀nà ahoro Ọ̀yọ́-Ilé lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́ igbó ọba. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ tó wá yáwó lọ́wọ́ mi yóò bá mi lọ sí Kétu lẹ́yìn òjò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣáájú wa débẹ̀, kí ó bá mi kí ìyá arúgbó tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ẹnubodè Ìdena, kí ó sọ fún un pé ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó fi àkàrà mẹ́ta ṣe lálejò kò gbàgbé rẹ̀.

Èmi ni ìyá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́.