Ẹ̀yìnkùlé wa ni kíláàsì sáyẹ́ǹsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi méjì ní Ìbàdàn. Àwọn kan ládùúgbò ní eré lásán ni. Ó dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rí ohun kan tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé ọsàn wẹ́wẹ́. Kòkòrò ni! Bó ṣe ń jẹun ló ń bó awọ, títí tó fi di àwọ̀ ewé. Nígbà tí àbúrò fi igi tín-ín-rín kàn án, ìwo pupa méjì yọ lórí rẹ̀, òórùn wọn sì lé wa sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 lẹ́yìn tó dákẹ́, labalábá dúdú tó ní tótòtó pupa rúsúrúsú jáde. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun.

Wọ́n ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ 6 ni kòkòrò ní, pé aláǹtakùn ẹlẹ́sẹ̀ 8 kì í ṣe ara wọn. A fi nẹ́ẹ̀tì bo agolo omi òjò tó kún fún tanwíji. Nígbà tí wọ́n rí i tó di ẹ̀fọn, àwọn fúnra wọn ló da gbogbo omi tó dúró ní àgbàlá nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún kòkòrò láyè lójú ewé àwọn ọmọdé yín. Ẹ bá wa béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí àwọn ọmọ lè pè é bó ṣe tọ́.

Ìyá ọlọ́mọ méjì,
Ìbàdàn.