Ẹnìkẹrin Yín Dà?

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lókè òkun,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti bírò yìí kí inú mi lè rọ̀. Ká ní alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni mo kọ ọ́, èébú ni ẹ̀ bá máa kà.

Ọmọ àbúrò mi kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí London nínú oṣù kọkànlá tó kọjá, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Òkè-Àró níbí ni gbogbo wọn ti dàgbà. Mo mọ ìyá wọn, mo tún mọ ìyá ìyá àwọn méjì nínú wọn. Wọ́n tọ́jú owó, wọ́n gba físà, mo súre fún wọn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n jáde lọ wo ìlú. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń gbé sórí WhatsApp, èmi náà sì jókòó sí pálọ̀ mi, mò ń bá wọn gbafẹ́. Mo rí wọn níwájú ààfin Buckingham. Mo rí wọn ní Westminster, wọ́n ń nàka sí ilé aago gíga yẹn, wọ́n ń pè é ní Big Ben. Agogo inú rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ó ti ń dún láti 1859. Ilé aago fúnra rẹ̀, Elizabeth Tower ni wọ́n sọ ọ́ lọ́dún 2012. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ wa. Mo rí wọn ní Trafalgar Square, níbi tí kìnnìún onídẹ mẹ́rin wà nídìí òpó Nelson láti 1867. Kálukú wọn mú kìnnìún tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí nǹkan tí ẹ máa tó gbọ́.

Nígbà tó di bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, fọ́tò mìíràn dé. Wọ́n ti wà nínú London Eye, kẹ̀kẹ́ ńlá etí odò Thames, iná ìlú ń tàn lẹ́yìn wọn. Mo ka orí wọn. Mẹ́ta. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Mẹ́ta. Mo ní bóyá ẹnìkẹrin ló ń yà wọ́n. Òmíràn dé, mo rí apá ọ̀kan nínú wọn tó na fóònù síwájú: àwọn fúnra wọn ló ń ya ara wọn. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sí wọn pé: "Ẹnìkẹrin yín dà?"

Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Àwòrán ọkàn pupa mẹ́ta.

Ẹ má sọ fún mi pé a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jọ jáde, tí ẹ ò bá ka ara yín, ta ló máa kà yín? Ṣé èmi tí mo wà ní Àkúrẹ́?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti Trafalgar, wọ́n wọ abẹ́ ilẹ̀ ní Charing Cross kí rélùwéè lè gbé wọn dé Waterloo, tó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ọkọ̀ dé, àwọn mẹ́ta kó sínú rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ṣì dúró níta, ó ń fi fóònù ká wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí fídíò lè dùn. Ilẹ̀kùn pa dé. Ó rí wọn nínú gíláàsì, wọ́n ń juwọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ lọ. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi ń ya gbogbo wọn láti àárọ̀, kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti káàdì owó rẹ̀ wà nínú báàgì ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, torí pé báàgì tiẹ̀ ní síìpù. Àdírẹ́sì ilé tí wọ́n dé sí ní Woolwich? Inú fóònù tó kú.

Láàárín Charing Cross sí Waterloo, tésàn kan péré ló wà: Embankment. Kí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ rékọjá sí apá kejì, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó ń padà. Ká tiẹ̀ ní ó gbà yín ní ìdá mẹ́rin wákàtí. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ ní aago tirẹ̀, owó rẹ̀ ò sì kéré, ni wọ́n bá ní, "Ó máa bá wa níbẹ̀, ó ti dàgbà."

Ó ti dàgbà! Ta ló bi yín léèrè ọjọ́ orí ẹ̀?

Ọmọ yìí gòkè padà sí Trafalgar, ó lọ dúró ti kìnnìún tó mú ṣáájú. Níbẹ̀, nínú oṣù kọkànlá, aago márùn-ún kì í lù kí ilẹ̀ tó ṣú. Òtútù mú un fún wákàtí mẹ́ta. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ sórí láyé, ti ìyá ẹ̀. Obìnrin Yorùbá kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ kọjá, ó gbọ́ tí ọmọkùnrin yìí ń bá orí ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó yíjú, ó ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ó fi fóònù tirẹ̀ pe Àkúrẹ́. Ìyá ọmọ sáré wá bá mi láìwọ bàtà. Ìgbà tí mo pe àwọn mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀kan gbé e, ó fún mi ní àdírẹ́sì náà. Wọ́n ń jẹun.

Obìnrin yẹn mú un wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, ó kan ilẹ̀kùn fún un, ó ní iṣẹ́ òun ti pẹ́, ó lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Mo ti gun kẹ̀kẹ́ yẹn rí, ọmọbìnrin mi ló mú mi lọ. Àgọ́ onígíláàsì 32 ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn dé 33, torí pé wọ́n fo 13, wọ́n ní nọ́ńbà náà ò dáa. Ìdajì wákàtí ló fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan, ó sì sábà máa ń yí lọ bí ẹ ṣe ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ mọ iye àgọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n mọ èyí tí wọ́n fò. Ẹ̀yin ò lè ka mẹ́rin.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, tíṣà wa kan kó wa lọ gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ẹsẹ̀ wa ń gbọ̀n, ìlú àtijọ́ sì wà lókè ń dúró dè wá. (Púpọ̀ nínú yín ò gùn ún rí, ẹ sì ti gun kẹ̀kẹ́ òyìnbó. Lẹ́tà mìíràn nìyẹn.) Tíṣà yìí ò jẹ́ ka ọmọ ọlọ́mọ. Kí a tó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí kálukú ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan jù sínú rẹ̀. Tí a bá sọ̀ kalẹ̀, kálukú á mú òkúta kan padà. Bí òkúta bá ṣẹ́kù nínú fìlà, ẹnì kan ṣì wà lókè, bàbá yẹn á sì tún gun òkè. Lọ́jọ́ náà òkúta kan ṣẹ́kù lóòótọ́. Ó gùn ún. Ọmọ tó ń wá kò ju ẹni tó sùn lábẹ́ igi lọ. Kò nà án. Ó gbé e pọ̀n.

Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mi ò tíì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo bí.

Ọdún 1977 ni. Mò ń kàwé ní London, àwa ọmọ Àkúrẹ́ mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní Peckham. Ọ̀rẹ́ wa kan láti Oǹdó wá kún wa, kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nílùú náà. Ọdún yẹn ni ọbabìnrin wọn pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àsíá kún gbogbo títì. A ní a ó mú un wo ìlú. A dá owó jọ, wọ́n fi mí ṣe akápò. Ní Trafalgar, a mú kìnnìún kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin sí mẹ́rin. Nígbà náà, èèyàn ṣì ń fún ẹyẹlé lóńjẹ níbẹ̀. Wọ́n ti fòfin dè é báyìí. Ọ̀kan bà lé èjìká ará Oǹdó yìí, ló bá ń kọrin sí i pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ó ń wojú wa bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀rín pa wá.

Lẹ́yìn èyí, ó ní òun fẹ́ rí àwọn ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin lọ́dún 1897. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn náà la ṣe FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, l'Ékòó, ojú Ìyá Ọba Ìdíá tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni àmì rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kọ̀, wọn ò yá wa ní ojúlówó rẹ̀ fún ọdún náà. Ó ń dun ọ̀rẹ́ wa. Bí ẹ bá lọ sí British Museum lónìí, ẹ ó rí àwọn nǹkan Benin níbẹ̀. Nígbà tiwa, ilé mìíràn ni, Museum of Mankind, ní Burlington Gardens lẹ́yìn Piccadilly. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ohun ilẹ̀ Áfíríkà sí láti 1970 títí di 1997. Ọ̀rẹ́ wa dúró níwájú pátákó idẹ kan, kò mira mọ́. Ó ń ka àwọn tó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Greenwich fẹ́ ṣí ní èbúté Westminster. Mo pè é. Ó ní ká ṣe sùúrù. Mo tún pè é, ohùn mi ti le. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín." A sì lọ. Gbogbo owó rẹ̀ wà lápò mi.

A gbádùn Greenwich, mi ò ní parọ́. A wo ọkọ̀ ìgbàanì tí wọ́n ń pè ní Cutty Sark, a gun òkè lọ síbi ìlà tí ayé fẹnu kò sí ní 1884 pé láti ibẹ̀ ni wọn ó ti máa ka ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. A fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, òyìnbó kan bá wa yà á. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà sí Peckham. Kò sí ẹni tó rántí ojú omi.

Ọ̀rẹ́ wa ti dé èbúté Westminster. Ó rò pé ibi tí a ti wọkọ̀ la ó sọ̀ sí. Ọkọ̀ kan dé, ó wo gbogbo ojú. Òmíràn dé. Ó dúró títí ọkọ̀ fi tán lójú omi, ó wá fẹsẹ̀ rìn dé Peckham, ó ń béèrè ọ̀nà. Aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó kan ilẹ̀kùn. A ti jẹun tán. Kò bú wa. Ó bọ́ bàtà, ó wò mí, ó ní, "Akápò, ẹ kú fàájì."

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn títí ó fi kú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ní ìnáwó, ní ọjà, níwájú ìyàwó mi: Akápò. Àwọn èèyàn rò pé oyè ìjọ ni.

Fọ́tò Greenwich yẹn ṣì wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí tiyín, mo gbé e jáde, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Orí mẹ́ta, orí mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó olówó sílẹ̀ lápò olówó. Páásípọ́ọ̀tù yín, kálukú kó so tirẹ̀ mọ́ra, ì báà ṣe nínú ìbọ̀sẹ̀. Ìwọ ọmọ àbúrò mi náà, mi ò gbàgbé rẹ; ta ló ní kó o máa ya fídíò nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń pa dé? Bírò ò wọ́n, ìwé ò wọ́n: ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ sùn sí, ẹ fi í sápò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò lókè òkun, ẹ bá wọn kọ ọ́ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹ mọ nọ́ńbà èèyàn méjì sórí, kí ìyá nìkan má dá gbogbo ẹ̀rù rù.

Ibi mẹ́jọ ni àwọn wọ̀nyí fẹ́ rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́jọ! Ta ló ń lé yín?

Tí ọkọ̀ bá sì pín yín, ẹni tó kù kó dúró gbagidi níbi tó wà, àwọn tó lọ ni kó padà. Kí ẹ ti sọ ọ́ láàárọ̀, kí oúnjẹ tó délẹ̀. Kí tíkẹ́ẹ̀tì jóná. Mo ní kó jóná! Ìwọ tí o sọ pé "ó ti dàgbà", mo mọ̀ pé ò ń ka lẹ́tà yìí, mi ò pe orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n kò tíì yá ọ lára láti lọ kí ìyá ọmọ yẹn. Ojúlé kẹta sí tiyín ni.

Mo gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ lọ sí Accra nígbà ọdún Àjíǹde. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ wá rí mi kí ẹ tó wọkọ̀, mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́rin. Fìlà mi wà lórí tábìlì pálọ̀, mo ti ṣa òkúta mẹ́rin sínú rẹ̀. Ẹ má rán ẹnì kan wá mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́