Tíṣà abúlé kì í ṣe aláìríṣẹ́ṣe

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé eléyìí jáde. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan jáde yunifásítì ó wá lọ ń ṣe tíṣà lábúlé, wọ́n á ní kò ríṣẹ́ ni. Rárá o, kì í ṣe gbogbo wọn jàre. Láti 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pín àwọn kọ́pà sílé ìwé ìgbèríko, ọ̀pọ̀ wọn ló kàn ń ka ọjọ́, àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé tọ́dún bá pé ọkàn wọn ò ní gbà kí wọ́n lọ. Àbúrò mi wà lára wọn, Òkè-Ògùn ló wà, kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan, ọmọ ọdún 11 tí ò lè ka orúkọ ara ẹ̀. Ìgbà tọ́mọ yẹn wá ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò fún ìyá ẹ̀ lọ́jà, màmá yẹn ru iṣu wá kí tíṣà! Ta ló fẹ́ fìyẹn sílẹ̀ lọ jókòó sí báǹkì? (Owó báǹkì náà dùn ṣá, mi ò ní purọ́.)

Àwọn míì tó ń ṣe tíṣà lábúlé, tíṣà tó bá wọn san owó WAEC nígbà kan ni wọ́n ń rántí tí wọ́n fi dúró. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ ò lè san owó ilé, kíjọba fún wọn nílé tó lómi, kí wọ́n yéé jẹ wọ́n lówó oṣù.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.