Ìwé kíláàsì tí mo bá lẹ́yìn pẹpẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú àjò. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Òjò ń rọ̀ níbí, iṣu tuntun sì ti dé ọjà Ìfàkì.

Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́, ilé alámọ̀ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún èmi àti ìwọ. Mo bẹ àwọn àgbà pé ògiri náà ṣì le, wọn kò gbà. Ìgbà tí a ń kó ẹrù jáde ni mo bá àpótí kan lẹ́yìn pẹpẹ. Ìwé kíláàsì ló wà nínú rẹ̀, ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n pín ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sí. Orúkọ wà lápá òsì, kọ́bọ̀ tí oníkálukú dá lọ́sẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, wọ́n á kọ S sí i, ìyẹn “sick”, aláìsàn. Mo rí orúkọ ìyá rẹ àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra, S, S, S, S. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kọ́bọ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omijé bọ́ lójú mi.

Ṣé o mọ̀ pé gbèsè ilé ìsìn ló bí kíláàsì? Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1742, ni àwọn ọmọ ìjọ John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, ti fẹnu kò pé kí oníkálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ láti san gbèsè náà; wọ́n sì pín wọn sí kíláàsì láti máa gbà á. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nílẹ̀ Èkìtì, ogun Kírìjì kò jẹ́ kí ọ̀nà là; 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n ti gbọ́ ìwàásù lájò, wà lára àwọn tó gbé ìgbàgbọ́ wálé. Ní abúlé tiwa, àgbẹ̀ kan tó gbà á ní Iléṣà ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin. Àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ ògiri.

Mo ti ń da ìwé náà kọ lálaalẹ́. Ikán ti jẹ ojú-ìwé àkọ́kọ́, a kò rí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì ìyá rẹ àgbà, káàdì ọmọ ìjọ rẹ̀ tí o fi sáàárín Bíbélì rẹ lọ, jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀, tojú tẹ̀yìn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ọdún wà lára rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré